Oṣù Tí A Fi Pamọ́

Èdè kan náà la jọ ń sọ, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé mi ò ní di àlejò ní Ìbàdàn. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu tó wà ní òdì kejì bọ́dà, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé. Mo máa ń fi ìyẹn kún un, torí bí mo bá ti dárúkọ ìlú mi, ẹni tó bi mí á ní, "Kétu Èkó? Ẹ̀gbọ́n mi ń gbé níbẹ̀." Ìwé mẹ́fà ni mo kà kí n tó kúrò nílé. Yorùbá tí mò ń kọ yìí, Ìbàdàn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, lára pátákó ṣọ́ọ̀bù àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di àkàrà.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo nawọ́ sí ọlọ́kadà kan ní Àgbọ̀wó, mo pè é ní sẹ́mìjàn, bí a ṣe ń pe ọ̀kadà nílé wa. Ó dúró, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kùtọ́nu, ta ló ń jẹ́ Sẹ́mìjàn? Rásákì lorúkọ mi."

Ó gbé mi, àmọ́ ó rẹ́rìn-ín títí a fi débi tí mò ń lọ. Ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé Kùtọ́nu ni mo máa máa jẹ́ níbí. Mi ò sùn ní Kùtọ́nu rí láyé mi.

Iṣẹ́ táìlì ni mo mọ̀, abẹ́ Ọ̀gá Múfú ni mo sì ti ń ṣe é. Wọ́n gbà níbí pé ọwọ́ àwa tá a ti ẹ̀yìn bọ́dà wá mọ́ nídìí táìlì. Bódìjà lónìí, Akóbọ̀ lọ́la. Ilé àkọ́kọ́ tí mo bá wọn ṣe ní Bódìjà, bàlùwẹ̀ márùn-ún ló wà nínú ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìyá àgbà kan àti ọkọ wọn nìkan ló ń gbé ibẹ̀. Kánádà ni gbogbo ọmọ wọn wà. Mò ń to táìlì sí bàlùwẹ̀ àwọn ọmọ tí kò sí nílé, mo sì ń rò ó pé ohùn mi nìkan ni ìyá tèmi ń rí gbọ́ ní Kétu. Ìyá àgbà yìí náà, ohùn ni wọ́n ń gbọ́. Ó jọ pé gbogbo ilé ló ní ibi tí ọmọ ẹ̀ ń sá lọ, ibi tí ọmọ kan sì ń sá lọ, ibẹ̀ ni òmíràn ti ń sá bọ̀.

Nígbà tí a parí, ìyá náà bọ́ bàtà, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán rin bàlùwẹ̀ tí mo dá ṣe láti igun dé igun.

"Ta ló ṣe eléyìí?"

"Músíọ̀ ni, Mà," Ọ̀gá Múfú ló dáhùn. Músíọ̀ ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, bí àwọn elédè Faransé ṣe ń pe ọ̀gbẹ́ni.

"Músíọ̀, ọwọ́ rẹ dára."

Mo pe Kétu lọ́jọ́ náà kìkì kí n lè sọ gbólóhùn yẹn fún ìyá mi. Wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni a máa ń pe ara wa. Bí mo bá kírun tán, mo máa ń dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dáa. Nínú ilé tí mo háyà yàrá sí ní Àgbọ̀wó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù. Pijin ni wọ́n ń sọ láàárọ̀, Pijin ni wọ́n ń sọ lálẹ́. Ẹni tó bá máa kí mi á ní, "Baba, how far?" Ibi tí mo ti ń wá ohun tí mo máa fi dáhùn, ó ti kọjá lọ. Mo lè wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀ Sátidé títí di àárọ̀ Mọ́ńdè kí n má sọ gbólóhùn kan tó pé.

Ìgbà tí Kúbúrá, ìyàwó mi, wá bá mi ni ilé tó di ilé. Àwa méjèèjì ti ní ìbànújẹ́ kan tí a gbé wá. Oyún àkọ́kọ́ tó ní ní Kétu, gbogbo agbo ilé ló mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń lọ sóko á yà, á kí i, á bi í pé ó ti di oṣù mélòó, Kúbúrá á sọ. Oyún náà ò dúró. Látìgbà náà ni ìyá mi ti ń sọ pé ẹnu wa ló gbé e jáde.

Ààwẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá wa ní Ìbàdàn, Kúbúrá gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò dá ọjọ́ kankan sí. Obìnrin tó bá rí nǹkan oṣù ẹ̀ kì í gbààwẹ̀, ó máa ń san án padà tó bá yá ni. Kò sí ọjọ́ kankan tí Kúbúrá ní láti san. Ní ọjọ́ Ìtúnu, ó gbé ìrẹsì síwájú mi, ó kàn ń wò mí. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ṣé o rí i pé ààwẹ̀ mi ò já?" Ó yé mi.

Mo pe Ìyá. Wọn ò pariwo. Ohùn wọn lọ sílẹ̀ bíi pé ẹnì kan ń gbọ́ wa ní bọ́dà.

"Ẹnikẹ́ni tó bá bi yín léèrè oṣù, ẹ dín in. Kó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá rò pé ó kù díẹ̀, ọmọ ti ń mu ọyàn. Ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́, Ìyá. Dókítà ńkọ́?"

"Ṣé dókítà kì í ṣe ẹnikẹ́ni ni?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe pẹ̀lú oyún mi, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá mi ṣe pẹ̀lú tiwọn. Mo ní mo ti gbọ́.

Nígbà tí a wá lọ forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn aláboyún, nọ́ọ̀sì tó jókòó síbẹ̀ ti dàgbà, Màmá Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè é. Ó bi Kúbúrá pé ìgbà wo ló rí nǹkan oṣù ẹ̀ kẹ́yìn. Kúbúrá wo ojú mi. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ni.

"Lẹ́yìn Ìtúnu ni, Mà," èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Màmá Nọ́ọ̀sì gbé gíláàsì ojú ẹ̀ sókè. "Ṣé ìwọ lò ń rí nǹkan oṣù ni, bọ̀dá?"

Gbogbo obìnrin orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Kúbúrá náà rẹ́rìn-ín, ó sì tẹ̀ lé e pé, "Lẹ́yìn Ìtúnu ni, Mà." Bí irọ́ náà ṣe wọlé nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀rín. Oṣù kan àti díẹ̀ la yọ kúrò lọ́jọ́ orí ọmọ wa.

Wọ́n ní ká lọ ṣe sikáànù. Ìyá ní ohun tí Ọlọ́run bò, kí a má lọ ṣí i wò. A sọ fún Màmá Nọ́ọ̀sì pé a ó lọ. Nígbà tó tún bi wá, a tún ní a ó lọ. Ó ń fi téèpù wọn ikùn Kúbúrá lóṣooṣù, lóṣooṣù ló sì ń sọ pé, "Ó bá oṣù ẹ̀ mu." Inú mi ń dùn. Mi ò rò ó rárá pé tó bá bá oṣù tí a parọ́ ẹ̀ mu, a jẹ́ pé ó ti kéré sí èyí tó jẹ́ òótọ́. Obìnrin kan nínú ilé wa sọ fún Kúbúrá pé ikùn ẹ̀ ò yọ. A wo ara wa, inú wa dùn sí i pé ọmọ náà ń bá wa fi ara ẹ̀ pamọ́.

Mo ti ronú nípa ìyẹn púpọ̀. Ní Kétu, gbogbo agbo ilé ló mọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ, ó lè jẹ́ òótọ́ pé ẹnì kan ń fojú burúkú wò ọ́ níbẹ̀. Ní Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó mọ̀ wá débi tí yóò fi ṣe ìlara wa. Ìwọ̀nba ẹni tó ń bi wá léèrè oṣù, àwọn tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó bá kúrò nílé máa ń di nǹkan ilé mú ju àwọn tó kù sílé lọ. Mo ti pàdánù sẹ́mìjàn, mo ti pàdánù orúkọ mi, mo ti di Kùtọ́nu àti Músíọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni mi ò fẹ́ kó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Òjò ti ń palẹ̀ mọ́ nígbà tí Kúbúrá sọ pé, "Ọmọ yìí ti ń ṣe jẹ́jẹ́ jù." Mo ní bóyá ó ń sùn. Ní ìjọ́ kejì, ó tún sọ ọ́, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. A lọ bá Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó na téèpù, ó wo ibi tó kọ ti oṣù tó kọjá sí, ó tún téèpù náà nà. Kò sọ pé ó bá oṣù ẹ̀ mu lọ́tẹ̀ yìí.

"Ikùn yìí ò kúrò níbi tó wà. Ẹ gba ọsibítù ńlá lọ lónìí. Ẹ má yà sílé."

Dókítà tó rí wa níbẹ̀ jẹ́ obìnrin, ó borí, kò sì ní dàgbà jù mí lọ púpọ̀. Ó fi nǹkan tútù pa ikùn Kúbúrá, ó gbé ẹ̀rọ lé e. A rí ọmọ náà. Mo rí orí ẹ̀, mo rí ọwọ́ ẹ̀ tó ká sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́. Dókítà tẹ nǹkan kan, ohùn jáde látinú ẹ̀rọ: fọ́ù, fọ́ù, fọ́ù. Láàárín fọ́ù kan sí ìkejì, kò sí nǹkan kan. Nídìí táìlì, mo máa ń fi ìdí tírówẹ̀lì lu táìlì tí mo bá tò tán, èyí tí simẹ́ǹtì ò dé abẹ́ ẹ̀ máa ń dún òfìfo. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àlàfo yẹn ṣe dún létí mi kí dókítà tó sọ̀rọ̀.

"Ohun tí ẹ ń gbọ́ yìí, ẹ̀jẹ̀ ló ń gba inú okùn ìwọ́ kọjá," dókítà ló ń sọ bẹ́ẹ̀. "Ọkàn ọmọ ló ń tì í lọ sínú ibi ọmọ, ìyẹn èyí tó máa ń tẹ̀ lé ọmọ jáde. Ibẹ̀ ló ti ń gba oúnjẹ àti atẹ́gùn lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Ẹ wo ojú ẹ̀rọ."

Nǹkan funfun tò tẹ̀ léra lójú ẹ̀rọ, ó rí bí òkè kéékèèké.

"Tí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ, òkè nìyẹn. Tí ọkàn bá sinmi, ó yẹ kí ẹ̀jẹ̀ ṣì máa ṣàn díẹ̀díẹ̀, kí àárín òkè méjì má fọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹ wo tiwa, ó ń fọwọ́ kan ilẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dúró. Ọ̀nà inú ibi ọmọ ti fún, kò gba ẹ̀jẹ̀ wọlé dáadáa mọ́. Tó bá burú jù báyìí lọ, ẹ̀jẹ̀ á máa padà sẹ́yìn."

Kúbúrá ní, "Ṣé ebi ń pa á ni?"

Dókítà ní, "Ebi ń pa á."

Lẹ́yìn náà ló wá ń wọn ọmọ náà lójú ẹ̀rọ, orí, ikùn, egungun itan, ó sì ń mi orí. Ó ní ohun tó ń rí ò bá ara wọn mu. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ń dúró báyìí yẹ kó kéré sí oṣù ẹ̀, àmọ́ eléyìí ò kéré. Oṣù méje ni ìwé wa sọ, ọmọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí ọmọ oṣù méje.

"Tó bá jẹ́ oṣù méje ló wà," ó ní, "mi ò ní fẹ́ gbé e jáde báyìí. Ó ti kéré jù, ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ ò tíì gbó. A ó dá ìyá ẹ̀ dúró síbí, a ó máa ṣọ́ ọ, ká lè tún rí ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i."

Ó ti mú bírò. Kúbúrá di ọwọ́ mi mú. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá ó fẹ́ dá mi dúró ni tàbí ó fẹ́ tì mí lọ, mi ò sì bi í rí. Ohùn ìyá mi wà létí mi. Oyún àkọ́kọ́ wà lọ́kàn mi, bí a ṣe ń sọ oṣù ẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí mo bá sọ, tí èyí náà lọ, kí ni mo máa sọ fún Kúbúrá?

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́. Oṣù yẹn kì í ṣe òótọ́."

Bírò dúró.

"Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ló rí nǹkan oṣù ẹ̀. Kì í ṣe lẹ́yìn Ìtúnu. Èmi ni mo yí i."

Dókítà ò wò mí. Kúbúrá ló kọjú sí. "Ṣé nǹkan oṣù rẹ máa ń yẹ̀?"

"Kì í yẹ̀, Mà."

"Ààwẹ̀ yẹn, ọjọ́ mélòó lo máa san padà?"

"Mi ò ní ọ̀kankan, Mà. Mo gbà á pé."

Ó bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀, ó fi etí ìborí ẹ̀ nù ún, ó pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́ padà. "Oṣù mẹ́jọ ti kọjá lọ nìyẹn. Ọmọ oṣù mẹ́jọ ló tóbi bí ọmọ oṣù méje yìí." Ó wá wojú mi. "Ṣé ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ kọ síbí? Mo fẹ́ fi ọmọ yín sílẹ̀ níbi tí kò ti rí nǹkan jẹ."

Mo ní kó má bínú. Mo bi í bóyá ààwẹ̀ ló fà á. Ó ní rárá, ká má gbé e ka ààwẹ̀ lórí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í mọ ohun tó ń fa kí ibi ọmọ ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ń pe àwọn tó máa palẹ̀ iṣẹ́ abẹ mọ́, mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa lẹ́yìn bọ́dà nìyẹn, pé a máa ń dín in.

"Ẹ̀yin ará Kùtọ́nu kọ́ lẹ dá a sílẹ̀," dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. "Ìyá tèmi náà ní kí n dín tèmi, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnì kan máa sọ fún mi ní Ìbàdàn pé nǹkan kan náà la jọ ń ṣe. Kò sí bí mo ṣe lè dúpẹ́ ẹ̀.

Wọ́n fún Kúbúrá lábẹ́rẹ́ fún ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà, wọ́n sì gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Obìnrin ló bí. Ó sunkún, ohùn ẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ. Kí n tó rí ojú ẹ̀ dáadáa, wọ́n ti gbé e lọ sínú àpótí gíláàsì tó ń mú ọmọ gbóná.

Nọ́ọ̀sì kan gbé ọ̀rá dúdú fún mi. Ibi ọmọ náà ni. Ó bi mí bóyá mo fẹ́ gbé e lọ, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, torí bàbá ọmọ ló ń sin ín nílé wa. Mo ṣí i wò. Ó kéré, ó fẹ́lẹ́, ibì kan ti funfun, ó ti le bíi simẹ́ǹtì tó gbẹ kí wọ́n tó lò ó. Ohun tó yẹ kó bọ́ ọmọ mi nìyẹn. Mo dúró lójú ọ̀nà ọsibítù pẹ̀lú ọ̀rá lọ́wọ́, mi ò mọ ibi tí mo lè gbé e lọ. Ní Kétu, ẹ̀yìn ilé wa ni wọ́n sin tèmi sí. Níbí, kò sí ilẹ̀ tó jẹ́ tèmi. Ilẹ̀ ilé onílé ni mo ń to táìlì sí.

Mo gbé e wá sí Àgbọ̀wó, mo bá bàbá tó ni ilé tí a háyà. Mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Wọ́n wo ọ̀rá náà, ó ti yé wọn.

"Lọ mú ṣọ́bìrì. Ẹ̀yìn ìdí àgbálùmọ̀ yẹn dáa."

"Bàbá, ilẹ̀ yín ni."

"Ìlú wo lo tún fẹ́ gbé e lọ? Ṣé níbí kọ́ lo bí i sí ni? Gbẹ́ ẹ kó jìn, kí ajá má hú u."

Mo gbẹ́ ẹ. Bàbá dúró tì mí títí mo fi bò ó.

Nígbà tí ọmọ náà kúrò nínú àpótí, wọ́n ní àyà wa ni ká máa gbé e sí, ara sí ara. Ojú abẹ Kúbúrá ṣì ń dùn ún, nítorí náà èmi náà ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní kí n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n fi aṣọ di ọmọ mọ́ mi láyà. Àwọn ìyá tó kù nínú yàrá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bàbá Kùtọ́nu, ṣé ọyàn ti ń bọ̀?"

"Ẹ bá a wò ó, ó jọ pé ó ti ń yọ."

Nọ́ọ̀sì ti kọ́ mi ní nǹkan kan. Ọmọ tó bá kéré báyìí máa ń gbàgbé láti mí nígbà míì. Tí mo bá ti rí i pé àyà ẹ̀ dúró, kí n fi ìka ra àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀. Mo bi í pé títí di ìgbà wo. Ó ní àwọn ò lè sọ. Mo bi dókítà bóyá ọmọ náà máa gbó. Ó ní ká máa wò ó lójoojúmọ́.

Ọ̀sán Jímọ̀ ni Ìyá pè. Mo fi fóònù há èjìká. Wọ́n ti ń kọrin ìdúpẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún wọn pé Kúbúrá bí.

"Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ dín in. Ẹ rí i pé wọn ò mọ ọjọ́ ẹ̀. Àbúrò rẹ náà ti lóyún báyìí, mo ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ fún wọn."

Láti ọjọ́ yìí, "Hẹn, Ìyá" ni mo ń wí. Ọmọ náà gbóná sí mi láyà. Àbúrò mi ò tíì pé ogún ọdún.

"Ìyá, dídín tí a dín in ló fẹ́ pa á. Oúnjẹ ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ nínú, wọn ò sì mọ̀ torí pé a yí oṣù ẹ̀. Èmi ni mo sọ oṣù ẹ̀ gan-an fún dókítà. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbé e jáde."

Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn wọn ní Kétu. Mo ní kí wọ́n má bínú. Ìgbà náà ni mo rí i pé àyà ọmọ náà kò gbéra mọ́.

Mo na ọwọ́ sínú aṣọ, mo wá ẹsẹ̀ ẹ̀, mo fi ìka ra á. Kò ṣe nǹkan kan. Fóònù bọ́ sórí ẹsẹ̀ mi. Mo tún ra á, mo ń sọ pé, "Mí, ìyá mi, mí." Ojú ẹ̀ dúdú díẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti ń dìde bọ̀.

Ó mí.

Ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó tún mí. Ohùn kan ń jáde láti ilẹ̀, ó ń pe orúkọ mi. Mo tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo mú fóònù.

"Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí ló ṣe é?"

"Ó gbàgbé láti mí, Ìyá. Wọ́n ní ó máa ń ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ó ti mí báyìí?"

"Ó ti mí."

Nígbà tí wọ́n tún sọ̀rọ̀, ohùn wọn kò lọ sílẹ̀ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

"Ó ti lé lóṣù mẹ́ta, ti àbúrò rẹ. Ó ń wọ oṣù kẹrin. Màá sọ fún un kó wí bẹ́ẹ̀ fún wọn." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Má pa fóònù. Má sì dá mi lóhùn. Gbé ọwọ́ rẹ sí ẹsẹ̀ ẹ̀, kí o máa wò ó. Mo wà níbí."